Lọ́ọ̀kì tí mo fi sórí DVD òde, èmi gan-an ló padà tì mọ́ta

Iṣẹ́ fídíò ni mo kọ́. Kì í ṣe fíìmù o, kọ́fáréèjì ni, ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkómọ, ọjọ́ìbí, ká gbé kámẹ́rà lé èjìká láti àárọ̀ kùtù títí tí wọ́n á fi máa kó àga rẹ́ńtà lọ. Ọdún 1998 ni mo wọlé sábẹ́ ọ̀gá mi ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn, mo ṣe fìrídọ́ọ̀mù, mo dá dúró, títí dòní ibẹ̀ náà ni mo ṣì wà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí ni pé owó ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú fídíò yíyà, inú kọ́pì ló wà. Ẹni tó ṣòde á san owó iṣẹ́, á gba kọ́pì méjì, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí tó wá láti Ṣakí ńkọ́, ẹgbẹ́ ìyá ìyàwó ńkọ́, ọ̀rẹ́ bàbá tó náwó lójú agbo tó sì fẹ́ kí àwọn ará ilé òun rí i pé òun náwó ńkọ́? Òde kan lè bí ogójì kọ́pì. Ibẹ̀ la ti ń rí owó ṣọ́ọ̀bù san. Ẹ wá rí i pé tí mo bá ní ọ̀rọ̀ dída-fídíò-kọ ká mi lára, kì í ṣe pé mo fẹ́ràn òfin ju ẹlòmíì lọ, ọbẹ̀ mi ló wà níbẹ̀.

Nígbà kásẹ́ẹ̀tì, a ò fi bẹ́ẹ̀ níṣòro. Dẹ́ẹ̀kì márùn-ún ni ọ̀gá mi tò léra, ọ̀kan ń ṣe é, mẹ́rin ń gbà á, òde wákàtí mẹ́ta, wákàtí mẹ́ta náà la ó fi jókòó tì í, bí iná bá sì lọ nígbà tó ku díẹ̀ kó parí, ẹ kú ewu, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí. Tí kọ́sítọ́mà bá lọ da tiẹ̀ kọ níbòmíì, èyí tó gbà á ti ṣá, tí wọ́n bá tún wá da ìyẹn kọ, ojú ìyàwó á ti dà bí ojú ẹni tó ń bọ̀ nínú ọyẹ́. Kò sẹ́ni tó ti kásẹ́ẹ̀tì wa pa, òun fúnra ẹ̀ ló ń fìyà jẹ ẹni tó bá dà á kọ. Ọjọ́ pẹ́ kí n tó mọyì ìyẹn.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fojú kan lọ́ọ̀kì gidi, bọ̀dá kan tó ti London dé ló gbé kásẹ́ẹ̀tì fíìmù òyìnbó wá, èyí tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́hùn-ún, ó ní ká ṣe méjì fún òun. (Ẹ má wò mí báyẹn, ta ló ń bèèrè ẹni tó ni fíìmù nígbà yẹn.) Lórí TV ó ń lọ dáadáa. Ìgbà tí a wá wo èyí tí a gbà, àwòrán ń mọ́lẹ̀, ó ń ṣú, ó ń mọ́lẹ̀, ó ń ṣú, bí ìgbà tí NEPA bá mú iná tí ò lágbára wá. Ọ̀gá ní orí dẹ́ẹ̀kì ló dọ̀tí, mo fi sípíríìtì nù ún, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n tún bú mi, mo tún nù ún. Ẹnjiníà tó ń tún TV ṣe ní òdìkejì títì ló wá bá wa dá sí i, ó rẹ́rìn-ín, ó ní Macrovision ni. Ó ní wọ́n ti fi àmì kan sínú àwọn ìlà tí ojú wa kì í rí lókè àwòrán, TV ò kà á sí, ṣùgbọ́n dẹ́ẹ̀kì tó ń gbà á ní nǹkan kan nínú tó máa ń wọn bí iná àwòrán ṣe pọ̀ tó kó lè tún un ṣe, àmì yẹn ló ń parọ́ fún un, ó wá ń fà á sókè fà á sílẹ̀ bíi wèrè. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ó gbé àpótí kékeré kan wá, ó fi sáàárín dẹ́ẹ̀kì méjèèjì, àmì yẹn pòórá. Gbogbo ọgbọ́n àwọn èèyàn Amẹ́ríkà, àpótí tí ò ju páálí sìgá lọ.

VCD, àwo fídíò tó ṣáájú DVD, ló wá ba nǹkan jẹ́. Ẹni tó bá lo kọ̀ǹpútà nígbà yẹn á rántí, ẹ ó ṣí àwo, ẹ ó rí fódà MPEGAV, ẹ ó rí AVSEQ01.DAT nínú ẹ̀, ẹ ó gbé e, ẹ ó sọ ọ́ sórí kọ̀ǹpútà, ó parí. Kò sí lọ́ọ̀kì, kò sí nǹkan kan, kọ́pì ẹlẹ́ẹ̀kẹẹ̀gbẹ̀rún kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Orí nǹkan báyìí ni gbogbo fíìmù Yorùbá jókòó lé fún ọ̀pọ̀ ọdún! Ìjọba ní kí àwọn tó ń ṣe fíìmù máa lẹ sítíkà tó ń dán mọ́ ọn lára, wọ́n ń lọ kó àwọn páyíréètì ní ọjà Alábà, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e àwo kan ṣoṣo ti gbé ogún fíìmù. Sítíkà ò sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó má kọ ọ́, ara páálí ló lẹ̀ mọ́.

Nígbà tí DVD dé, a gbọ́ pé òun ní lọ́ọ̀kì nínú, inú mi dùn, mo ní ọjọ́ wa ti dé. Ṣùgbọ́n èmi ni lọ́ọ̀kì yẹn kọ́kọ́ fìyà jẹ, èmi tí mi ò tíì jí nǹkan kan! Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Peckham fi DVD mẹ́fà ránṣẹ́, owó ẹ̀ ló fi rà wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, rìsíìtì wà níbẹ̀. Mo ti í sínú ẹ̀rọ tuntun tí mo fi ẹ̀jẹ̀ àti omijé rà, ẹ̀rọ tó lórúkọ dáadáa, ó ní ríjìọ̀n kò bára mu. Wọ́n ti pín ayé sí mẹ́fà bí ẹni pín ilẹ̀ bàbá, Amẹ́ríkà ni 1, ìlú ọba ni 2, àwa níbí ni 5, èyí tí wọ́n bá ṣe fún 2 ò gbọdọ̀ jẹ́ fún 5. Ẹ̀rọ wo ló wá mú un? Ẹ̀rọ jákujàku tí àbúrò mi rà ní Alábà, tí orúkọ ara ẹ̀ ò ṣeé pè, òun ló mú gbogbo ẹ̀ láìbèèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tó ra ojúlówó ló jókòó tó ń wo ojú ẹ̀rọ.

Mo wá ní kí n fi kọ̀ǹpútà da ọ̀kan kọ, kí n kàn wò ó ni. Fáìlì wọlé, ó wọlé pátá, ìgbà tí mo ṣí i, àwòrán kún fún àpótí kéékèèké aláwọ̀ ewé àti pupa, ohùn ń ta pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́. Mo wọ káfé, mo sanwó wákàtí méjì, mo kà nípa ẹ̀ títí ojú fi ń ta mí.

Ohun tí mo kà níbẹ̀ ló la ojú mi. CSS ni wọ́n ń pe lọ́ọ̀kì DVD yẹn. Kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí fíìmù wà lórí àwo yẹn fúnra ẹ̀, ní apá ibì kan nítòsí àárín níbi tí kì í ṣe ara fíìmù, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń ṣe ẹ̀rọ sì ní kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀ tó fi ń ṣí ti orí àwo. Kọ́kọ́rọ́ kì í ṣe ara fáìlì, ìdí nìyẹn tí fáìlì fi wọlé sórí kọ̀ǹpútà tí kọ́kọ́rọ́ ò bá a wọlé, àwo òfìfo tí wọ́n ń tà fún irú wa náà, wọn ò jẹ́ kí ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń gbé ṣeé kọ nǹkan sí. Mo ní há, ọgbọ́n nìyí! Ṣùgbọ́n mo wá rò ó títí: fákítọ̀rì tó ní ẹ̀rọ tó ń tẹ àwo jáde bí ẹni tẹ búrẹ́dì ńkọ́? Ìyẹn ò nílò kó tú lọ́ọ̀kì kankan, gbogbo ẹ̀ ló máa tẹ̀ bó ṣe wà, fíìmù àti kọ́kọ́rọ́ pọ̀, àwo yẹn á sì jẹ́ nínú ẹ̀rọ gbogbo tí ojúlówó bá ti ń jẹ́. Páyíréètì ńlá tó ń kó kọ̀ǹténà wọlé, CSS ò dí i lọ́wọ́. Èmi tí mo jókòó sí Òkè-Àdó ló dí lọ́wọ́.

Èmi náà, kò dí mi pẹ́. Torí kọ́kọ́rọ́ yẹn wà nínú gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n ti tà. Ó dà bí kí láńdílọ́ọ̀dù ti géètì, kó há kọ́kọ́rọ́ fún gbogbo ayálégbé inú ilé yàrá méjìlá, kó wá ní ẹnì kankan ò gbọdọ̀ gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́. Lọ́dún 1999, ọmọ ọdún 15 kan ní Norway, Jon Lech Johansen, òun àti àwọn kan tó bá pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbé DeCSS, sọ́fítíwíà tó ń tú lọ́ọ̀kì CSS, jáde. Sọ́fítíwíà kan tó ń ṣe DVD lórí kọ̀ǹpútà ni ò fi kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀ pamọ́ dáadáa, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i. Kọ́kọ́rọ́ yẹn gan-an kúrú, kò ju bíìtì 40 lọ, kò pẹ́ tí àwọn tó mọ ìṣirò fi fi hàn pé èèyàn lè já a láìtilẹ̀ jí ti ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé ọmọ náà lọ kóòtù, kóòtù dá a sílẹ̀ ní January 2003, wọ́n pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, wọ́n tún dá a sílẹ̀ ní December ọdún kan náà, wọ́n ní DVD tó fi owó ara ẹ̀ rà ni, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti wò ó. Mo rántí DVD ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí mo ka ìyẹn.

Ẹ ó rò pé pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo ti kà yìí mi ò ní dán irú lọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀ wò. Ebi kì í jẹ́ kéèyàn rántí ohun tó kà.

Ọdún 2008, bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ṣí sí ilé kẹta sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ọmọkùnrin kan ló wà níbẹ̀, ọmọ tó lọ́yàyà, ó máa ń kí mi "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́" láràárọ̀, ó sì ń da DVD mi kọ ní 150 naira. Èmi ń ta kọ́pì 500. Àwọn kọ́sítọ́mà á gba méjì tiwọn lọ́wọ́ mi, wọ́n á yà sọ́dọ̀ ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń lọ, mo ń fojú mi rí wọn láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n á tún wá máa juwọ́ sí mi. Mo wá rí sọ́fítíwíà kan tí wọ́n ní ó ń ti àwo tí èèyàn bá bọ̀n fúnra ẹ̀ pa. Kì í ṣe CSS, irọ́ gbáà ló ń pa: ó máa ń mú kí kọ̀ǹpútà rò pé ogójì gígì wà lórí àwo tí ò lè gbà ju 4.7 lọ, á to àwọn táítù tí ò sí síbẹ̀, á sọ pé ibì kan bàjẹ́ níbi tí kò bàjẹ́, kó lè sú ẹni tó ń dà á kọ. Ẹ̀rọ DVD inú pálọ̀, wọ́n ní ìyẹn ò ní ka irọ́ yẹn sí, á kàn gba orí ojúlówó fídíò kọjá ní tiẹ̀.

Wọ́n ní o. Òde tí mo kọ́kọ́ lò ó fún, ọjọ́ìbí ọgọ́rin ọdún ìyá àgbà kan ní Mọ́níyà, ọgọ́ta kọ́pì, iṣẹ́ ńlá. Ọjọ́ kẹta ni fóònù bẹ̀rẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n ọkọ ò ṣe, ti Alhaja Ìyànà Church ṣe ààbọ̀ ó dúró, ti ọmọ tó wà ní Abuja kọ́kọ́ ṣe ní gbọ̀ngàn ibi tí wọ́n ti ń gé kéèkì kó tó wá padà sí ibi tí wọ́n ti ń gbàdúrà. Ẹ̀rọ tí a ní nílùú yìí, oríṣiríṣi ni, èyí tó dára ń kọ̀ ọ́, èyí tó burú ń kọ̀ ọ́, kò sí bí a ṣe fẹ́ mọ èyí tó máa gbà á. Mo tún mẹ́tàlélógún bọ̀n lọ́fẹ̀ẹ́. Mi ò wá sọ fún wọn pé èmi ni mo fa wàhálà, mo ní àwo Ṣáínà ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo rí DVD Mọ́níyà yìí lórí káńtà ọmọkùnrin yẹn, pẹ̀lú fọ́tò ìyá àgbà tí ó fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ara ẹ̀ tẹ̀, kódà fọ́tò tiẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ. Inú bí mi. Mo wọlé, mo ní àbúrò, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ṣe é? Kò tilẹ̀ mọ̀ pé lọ́ọ̀kì wà lórí ẹ̀! Ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ó ń ṣe ẹ́rọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, mo kàn rò pé ó ti bàjẹ́ ni." Ó wá gbé ẹ̀rọ DVD wá látabẹ́ tábìlì, ti Alábà náà ni, ó fa waya mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ẹ̀ hàn mí, yẹ́lò, pupa, funfun, ó ti wọ́n bọ káàdì TV tó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà ẹ̀, ó tẹ play lókè ó tẹ record nísàlẹ̀, ó lọ jẹun. Ìgbà tó fi máa dé, òde ti parí. Ó bọ̀n ọ́n tuntun, ó mọ́ tónítóní, tiẹ̀ sì ń ṣe nínú gbogbo ẹ̀rọ. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: àwọn kan lára ẹbí yẹn tí tèmi ti sú ló wá ń rà á lọ́wọ́ ẹ̀, torí tiẹ̀ ló ń ṣe.

Mo dúró síbẹ̀ mo ń wo waya yẹ́lò yẹn. Waya kan náà tí ọ̀gá mi fi ń da kásẹ́ẹ̀tì kọ lọ́dún 1998 ni. Lọ́ọ̀kì tèmi, lọ́ọ̀kì Hollywood, ìgbàkígbà tí fíìmù bá ti fẹ́ dé ojú èèyàn, ó gbọ́dọ̀ bọ́ gbogbo aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún un kúrò, torí ojú èèyàn ò ní kọ́kọ́rọ́. Ibi tó ti bọ́ aṣọ yẹn ni waya á ti dúró dè é. Tí wọ́n bá dí ihò waya, kámẹ́rà wà níwájú TV.

Blu-ray, àwo tó tẹ̀ lé DVD, ti dé nígbà yẹn, wọ́n ní lọ́ọ̀kì tiẹ̀ tí wọ́n ń pè ní AACS le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n lè fagi lé kọ́kọ́rọ́ tó bá ti jò kí wọ́n sì ṣe tuntun. Ọdún 2006 ló jáde, kí 2007 tó dé ìdajì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti wà lórí T-shirt. Mi ò ṣàwàdà, nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 09 F9 yẹn, bí wọ́n ṣe ń pa á rẹ́ níbì kan ni ọgọ́rùn-ún èèyàn ń kọ ọ́ síbòmíì. Lọ́dún 2010, kọ́kọ́rọ́ àgbà fún lọ́ọ̀kì tó ń ṣọ́ HDMI, waya tó ń gbé àwòrán lọ sínú TV, náà jò. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ da ara mi láàmú pẹ̀lú Blu-ray ṣá, kò sẹ́ni tó ń fi Blu-ray ṣe ìkómọ n'Ìbàdàn.

Èmi yọ lọ́ọ̀kì kúrò ní ìparí 2009. Mo wá fi owó kọ́pì mẹ́wàá sínú owó iṣẹ́ látilẹ̀, mo ní ẹ gba mẹ́wàá, tí ẹ bá fẹ́ ẹ lọ da ọgọ́rùn-ún kọ níbòmíì. Ẹni tí ò bá tíì san báláǹsì, mo kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi gàdàgbà sáàárín àwòrán èyí tó máa kọ́kọ́ wò. Ìyẹn ń ṣiṣẹ́. Mo sì ń sáré, torí mo ti rí i pé ẹni tó bá gba fídíò ẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta tí òde ṣì gbóná lára ẹ̀ ló ń ra kọ́pì lọ́wọ́ mi, ẹni tí mo bá dá dúró oṣù kan ló ń wá 150 kiri. Ọmọkùnrin yẹn, a jọ wá ń ṣe nǹkan pọ̀, èmi ń gbé páálí fún un tẹ̀.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ lọ́ọ̀kì ti parí síbẹ̀ títí di 2022. Màmá kan wọlé, wọ́n ti darúgbó, wọ́n ní "Bọ̀dá fídíò, ṣé ẹ ò tíì gbàgbé mi?" Mo ti gbàgbé. Èmi ni mo ya ọjọ́ìbí àádọ́rin ọdún ọkọ wọn ní 2009. Bàbá ti ṣaláìsí lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn, kọ́pì kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù, wọ́n ti gbé e dé ṣọ́ọ̀bù méjì, kò ṣeé dà kọ, àwọn ọmọ tó wà ní Houston fẹ́ gbọ́ ohùn bàbá wọn. Mo gba àwo náà, mo yí i padà, mo rí bí ara ẹ̀ ṣe ha. Mo rí ìkọ̀wé ọwọ́ mi. Mo mọ̀ kí n tó fi sínú kọ̀ǹpútà.

Ogójì gígì.

Háàdì dísìkì tí ojúlówó wà nínú ẹ̀ ti kú láti 2014. Ilé iṣẹ́ tó ṣe sọ́fítíwíà yẹn, wẹ́búsáìtì wọn ò sí mọ́. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ tuntun tó ń bọ̀ lọ́nà nígbà yẹn, tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní March 2023, sọ̀rọ̀ nípa títú irú lọ́ọ̀kì báyìí, ṣùgbọ́n èmi ò tilẹ̀ rò ó débẹ̀, ohun tó dà mí láàmú ni pé kọ̀ǹpútà ń ka ibi tó bàjẹ́ lórí àwo náà, ó ń kà wọ́n jọ lọ́gọ́ọ̀rọ̀, mi ò sì mọ èwo ni ìbàjẹ́ tòótọ́ nínú ẹ̀, èwo ni irọ́ tí èmi fúnra mi pa ní 2009.

Mo jáde lọ ra omi inú ọ̀rá kan, mo fi òun àti ọṣẹ ìfọwọ́ fọ àwo náà, láti àárín bọ̀ síta, kì í ṣe ní yíyípo. Mo gbé ẹ̀rọ DVD àtijọ́ wá látinú yàrá ẹ̀yìn, mo wá waya yẹ́lò, pupa, funfun, mo ti í bọ kọ̀ǹpútà. Màmá jókòó sórí àga kọ́sítọ́mà. Wákàtí méjì ó lé ni a fi jókòó tì í, bí ayé kásẹ́ẹ̀tì. Ó dúró nígbà mẹ́rin, mo ń yọ ọ́, mo ń nù ún, mo ń dá a padà. Ibi tí Bàbá ti gba máìkì tó fẹ́ ṣàdúrà fún àwọn ọmọ, ó dúró gbagidi, mo gbìyànjú ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, lẹ́ẹ̀keje ó kọjá, àwòrán já díẹ̀ ṣùgbọ́n ohùn wà níbẹ̀. Màmá ń ṣe àmín sí i láti orí àga.

Mo kó o sórí fláàṣì mẹ́ta fún wọn. Wọ́n bèèrè iye ẹ̀, mo ní kò sí. Wọ́n ní kí ló dé tí àwọn ṣọ́ọ̀bù méjì yẹn ò fi lè ṣe é, ṣé wọn ò mọṣẹ́ ni.

Mo ní rárá o Mọ́mì, àwo náà ló ti gbó.